Dari Méjì Nínú Ilé Díńgí

Christopher Akínwọlé kò gba ara rẹ̀ gbọ́. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kàwé yìí mú gbólóhùn yẹn dání, nítorí ohun tí ọkùnrin náà ṣe láyé rẹ̀ tí kò ti ibẹ̀ wá kò pọ̀. Bí òtútù bá ń mú un, kò ní wí pé òtútù ń mú òun. Yóò kọ́kọ́ dìde, yóò gba ẹ̀yìn ilé, yóò wọ inú ilé díńgí, yóò wo ìwọ̀n ooru tí wọ́n so mọ́ òpó àárín. Yóò wá padà wọlé, yóò jókòó, yóò ní, "Rhoda, òtútù ń mú mi o. Ó ti di mẹ́tàléláàádọ́ta."

Rhoda ìyàwó rẹ̀ á ní, "Ẹ kú ìrìn, Bàbá Péjú. Èmi ti mọ̀ láti òwúrọ̀, n kò sì dìde lórí àpótí."

Ará Ìbòkun ni, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ọdún 1947 ni ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Jọ́ọ̀sì, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, pẹ̀lú àpótí pákó kan. Ilé iṣẹ́ kan tó ń wa kùsà gbà á sí sítóò. Kùsà ni tánńganran. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Jọ́ọ̀sì kì í pè é ní tánńganran mọ́. Ní 1955, òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ kọ́ ilé díńgí sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Rayfield, nítorí pé òdòdó tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn kò fẹ́ràn ọyẹ́. Nígbà tí ó fẹ́ lọ sinmi fún oṣù mẹ́ta ní ìlú wọn, ó wá ẹni tí yóò máa wo ìwọ̀n ooru náà lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, tí yóò sì máa kọ ọ́ sínú ìwé. Ó mú akọ̀wé sítóò, nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Oṣù mẹ́ta yẹn ni Christopher ṣe títí ó fi di ọgbọ̀n ọdún.

Òyìnbó lọ pátápátá ní 1976. Ọdún náà ni Christopher fẹ̀yìn tì. Ilé iṣẹ́ kò mọ ohun tí wọn yóò fi ilé díńgí ṣe, wọn kò sì mọ ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n lò. Wọ́n ní kí ó máa tọ́jú rẹ̀, kí ó máa gbin ẹ̀fọ́ àti tòmátì sí i fún àwọn òṣìṣẹ́, kí òun àti ìyàwó rẹ̀ sì máa gbé inú yàrá méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ilé díńgí bá fi wà lórí ìdúró. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Mo ka lẹ́tà náà.

Mo fi okùn wọn ilé náà fúnra mi. Ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà ni gígùn rẹ̀, méjìlá ni fífẹ̀ rẹ̀. Christopher máa ń sọ fún àlejò pé ogójì ni. Díńgí ni òrùlé, díńgí ni ògiri láti ìbàdí ènìyàn lọ sókè. Fèrèsé mẹ́jọ wà lórí òrùlé tí a ń fi ṣéènì fà ṣí, mẹ́wàá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ìhà àríwá, níbi tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń wá, ó to dúrọ́ọ̀mù omi mẹ́fà tí ó fi ọ̀dà dúdú kùn. Oòrùn ọ̀sán á mú omi náà gbóná, omi náà á sì máa tú ooru yẹn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ní oṣù kẹta, tí oòrùn bá ń jó, ó máa ń fi ẹfun kun díńgí òrùlé kí ìmọ́lẹ̀ má bàa pa ewé. Ní ìgbà ọyẹ́, tí ètè ènìyàn ń là, ó máa ń wọ́n omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ inú ilé kí ewé lè rí ọ̀rinrin mí.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Bí ìwọ̀n ooru bá dé márùndínláàádọ́rùn-ún, ṣí fèrèsé òkè. Bí ó bá dé márùndínlọ́gọ́rùn-ún, ṣí gbogbo rẹ̀. Bí ó bá já sí ọgọ́ta, tì í. Bí ó bá já sí àádọ́ta, gbé ìkòkò èédú wọlé. Ìwọ̀n àtijọ́ ni o, èyí tí omi kì í hó lórí rẹ̀ títí yóò fi kọjá igba. Ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀ kò lè se ẹyin, ṣùgbọ́n ó lè mú kí òdòdó ata já dànù ní ọ̀sán kan.

Ó sọ ìwọ̀n ooru náà ní Alikali, orúkọ tí àwọn Hausa ń pe adájọ́. "Alikali kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀," ni ó máa ń wí. "Ara ènìyàn, ẹlẹ́rìí èké ni. Ẹ jẹ ata, ara yín á ní ooru ń mú òun. Ẹ gbọ́ ìròyìn burúkú, ara yín á ní òtútù ni. Alikali kì í jẹ ata, kì í sì í gbọ́ ìròyìn."

Ẹnì kan ń bá a ṣiṣẹ́, Theresa ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Birom ni, láti abúlé Du, obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ní oko tirẹ̀ lẹ́bàá kòtò omi kan tí àwọn awakùsà gbẹ́ sílẹ̀. Òun ni ó ń pọnmi, òun ni ó ń dáná èédú, òun ni ó ń fa ṣéènì. Èdè Hausa ni òun àti Christopher fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Hausa Christopher yá, ṣùgbọ́n ohùn Ìbòkun ni ó fi ń sọ ọ́. Theresa náà sì mọ Yorùbá díẹ̀, èyí tí Rhoda kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kan ó ti ọjà dé, ó fẹ́ sọ fún Rhoda pé òun ra igbá. Igba ni ó pè é. Christopher rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Igba! Rhoda, ó ra igba! Igba kí ni, Theresa? Igba ewúrẹ́?" Ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọ ọ́ ní ìpàdé ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Ó sọ ọ́ fún èmi náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń fi ìka kọ àmì ohùn sí ojú afẹ́fẹ́: igbá, igba, ìgbà. "Etí wọn kò gbé e," ni ó wí. "Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ọlọ́run kò fún gbogbo ènìyàn ní etí."

Nísinsìnyí, ó yẹ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan. Sanyi ni gbogbo wa ní Jọ́ọ̀sì mọ̀ tí a ń pe òtútù ní Hausa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí àwọn àgbà ń lò fún òtútù ọyẹ́ gan-an, èyí tó ń gé ènìyàn létí. Dari ni wọ́n ń pè é. Dari kan náà ni wọ́n ń pe ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ni èdè máa ń fa ti òtútù gùn díẹ̀ lẹ́nu, wọn kì í fa ti ọgọ́rùn-ún. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò ju èémí kan lọ. Ọlọ́run kò fún gbogbo ènìyàn ní etí.

Ní oṣù kẹwàá 1978, ilé iṣẹ́ gba ọ̀gá tuntun tí yóò máa mójú tó àwọn ilé wọn ní Rayfield. Olúgbóyèga ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tí bàtà rẹ̀ máa ń dán ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó yí ilé díńgí po lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ tí ó fi ń wa mọ́tò.

Ó ní, "Bàbá, ibí yìí gba mọ́tò mẹ́ta."

Christopher ní, "Ọ̀gá, ó gba tòmátì ọgọ́fà."

"Tòmátì kún ọjà. Kò sí ẹni tó ń fi díńgí gbìn ín. Ohun tí díńgí lè ṣe tí oko kò lè ṣe ni mo fẹ́ rí." Ó dúró, ó rò ó. "Mo ti wà níhìn-ín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Bàbá, n kò tíì jẹ ata rodo tí kò jẹrà lójú ọ̀nà. Ẹ lè mú rodo so níhìn-ín nínú ọyẹ́?"

Ẹni tó bá mọ Jọ́ọ̀sì mọ̀ pé ìbéèrè ńlá nìyẹn. Rodo kò fẹ́ òtútù. Bí ọyẹ́ bá ti dé òkè yìí, òdòdó rẹ̀ á rẹ̀, èso tó bá sì ti yọ á wà ní tútù, á kọ̀ láti pọ́n. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń kó tiwa wá.

Christopher ní, "Mo ti ní ogójì igi rodo nílẹ̀ láti oṣù kẹjọ." Òótọ́ ni. Rhoda ni ó ní kí ó gbìn ín, nítorí ọbẹ̀.

Olúgbóyèga ní, "Ó dára. Ní Sátidé ogún oṣù kìíní, n ó wá. Bí mo bá rí apẹ̀rẹ̀ rodo pípọ́n kan, ilé dúró. Bí n kò bá rí i, ní Mọ́ńdè wọn yóò yọ díńgí, kí ẹ̀yin àti Ìyá sì máa múra ìrìn àjò ilé."

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Rhoda bi í pé ṣé ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Yàrá wọn méjèèjì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ilé tí wọ́n ní ní Ìbòkun, òrùlé rẹ̀ ti wó láti ọdún 1971, Péjú ọmọ wọn kan ṣoṣo sì ń gbé yàrá kan ní Ìbàdàn pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mẹ́rin. Christopher ní òun gbọ́. Ó wá dìde, ó lọ wo Alikali.

Mo gbọ́ ohun tó kù yìí lẹ́nu àwọn mẹ́ta: Christopher, Rhoda àti Theresa. Ibi tí ẹnu wọn kò ti kò, mo fi sílẹ̀.

Kò sí ọlọ́mọ ìkókó tó tọ́jú ọmọ bí ọkùnrin yẹn ṣe tọ́jú ogójì igi ata náà. Ó fi aṣọ àkísà di gbogbo ihò tó wà lára ilẹ̀kùn. Ó wẹ díńgí lójoojúmọ́, nítorí eruku ọyẹ́ ń jí oòrùn lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní, rodo àkọ́kọ́ pupa ní ìdí. Ní ọjọ́ kẹta, ó pupa tán. Christopher pe Rhoda wá wò ó. Rhoda ní kí ó jẹ́ kí òun já a sọ́bẹ̀. Christopher kò bá a sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ní Tọ́sìdeè kejìdínlógún, ibà kọlù ú. Rhoda ní òtútù ń mú un títí bẹ́ẹ̀dì fi ń dún. Ó kọ̀ láti gbà pé òtútù ni, nítorí pé Alikali ní ọgọ́rin. Ó lo oògùn, ó fi kùbùsù mẹ́ta bora. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ni ó ti ń ṣàkóso. Fèrèsé yàrá kọjú sí ilé díńgí, bí Theresa bá ti ka ìwọ̀n ooru tán, á wá sídìí fèrèsé, á sọ iye rẹ̀, Christopher á sì pàṣẹ.

Ní Fúráìdeè, tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ tí Olúgbóyèga ń bọ̀, oògùn ibà gbé e sùn láti agogo mọ́kànlá àárọ̀. Rhoda lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ìgboro, ilẹ̀ sì ti ṣú dẹndẹn kí ó tó padà dé. Ọyẹ́ ọjọ́ náà burú, ó bo oòrùn mọ́lẹ̀ títí ènìyàn fi lè wò ó bí ẹni ń wo òṣùpá. Ní agogo mẹ́rin kọjá, Theresa rí i pé Alikali ti já sí ọgọ́ta, ó ti gbogbo fèrèsé. Ó gbé ìkòkò èédú mẹ́ta wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Èédú náà kò gbẹ dáadáa, ó ń rú èéfín. Nígbà tó di agogo márùn-ún, afẹ́fẹ́ kan ti ìhà àríwá dé tí ó mú eyín rẹ̀ kan ara wọn. Ó sáré lọ sídìí fèrèsé.

Ó ní, "Baba! Baba, dari ya zo!"

Òtútù ọyẹ́ ti dé. Ohun tí ó wí nìyẹn.

Christopher la ojú. Ibà ti da àkókò rú mọ́ ọn lójú, ó rò pé ọ̀sán gangan ni. Ó gbọ́ pé ọgọ́rùn-ún ti dé. Ó rí òdòdó rodo lójú inú rẹ̀ tí ń já sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Dari?"

"Dari, Baba! Dari sosai!" Gidi gan-an.

"Bude!" Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara rẹ̀ sókè. "Bude duka! Ṣí gbogbo rẹ̀!"

Theresa ní, "Haba, Baba! Gbogbo rẹ̀?"

"Òkè, ẹ̀gbẹ́, ilẹ̀kùn! Má sì tì í títí n ó fi wí!"

"Baba, òtútù kò mú ẹ ni?"

"Ara mi ń purọ́ ni," ni Christopher wí, ó sì fa kùbùsù borí, ó sùn padà.

Àwọn kan ti bi mí pé ṣé Theresa kò ní ọpọlọ ni. Ó ní i. Ó dúró síbẹ̀, ó ro ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin yìí ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí òun tó dé. Kò sí àṣẹ rẹ̀ kan tí kò nídìí. Ó wá gbóòórùn èéfín èédú tí ń ti ilé díńgí jáde, ó ní, "Áà." Ó rò pé Baba ti gbóòórùn rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, pé ó fẹ́ kí èéfín jáde kí ó má bàa pa ata. Ó bọ́gbọ́n mu. Ó fa gbogbo ṣéènì. Òtútù wọlé bí ẹbí ọkọ.

Ó ti ṣe ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí ó fi ata sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ní oko tirẹ̀, zana ni wọ́n ń fi bo nǹkan, ẹní koríko tí a hun nípọn, tí a ń fi ṣọgbà. Méje wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé díńgí tí Christopher ń fi ṣe ibòòji fún ewé ní oṣù kẹta. Ó ta wọ́n lé ata lórí, igi mẹ́rin sábẹ́ ẹyọ kan. Igi méjìlá kù. Ó wo okùn aṣọ. Rhoda ti fọṣọ láàárọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibà ti lọ. Christopher jí, ara rẹ̀ fúyẹ́, inú rẹ̀ dùn, ó jáde láti lọ kí Alikali. Ó rí fèrèsé mẹ́jọ òrùlé tó na apá sókè bí adìẹ tó fẹ́ fò. Rhoda gbọ́ igbe náà láti ilé ìdáná.

Mẹ́rìnlélógójì ni Alikali ní.

Theresa ti Du dé ní àkókò yẹn, igi ìdáná lórí rẹ̀. Ó ní, "Ina kwana, Baba. Ara ńkọ́?"

"Ta ló ṣí ilé yìí?"

"Ìwọ."

"Èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì!"

"Lórí bẹ́ẹ̀dì ni o ti ṣí i. Mo ní dari, o ní bude."

"O ní dari! Dari nìyí?" Ó na ìka sí Alikali. "Ṣé mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n ń pè ní dari ní Du?"

Theresa sọ igi ìdáná kalẹ̀. Ó wá di ara rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń pa, ó sì fa ọ̀rọ̀ náà gùn bí ẹni ń kọ́ ọmọdé: "Daa-ri, Baba. Daa-ri."

Rhoda ni ó kọ́kọ́ yé. Ó gbé ọwọ́ lé ògiri. "Bàbá Péjú," ni ó wí, "igbá ni ó wí, ẹ̀yin gbọ́ igba." Ẹ̀rín kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ooru láti ọdún mẹ́rìnlélógún, dari ti darí yín lónìí!"

Christopher kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó ń ká zana kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ ti àkọ́kọ́, igi mẹ́rin yè, ata pupa lára wọn. Lábẹ́ ìkejì, bákan náà. Ó ká gbogbo méjèèje. Ó kan aṣọ. Ìró Rhoda méjì bo igi mẹ́rin. Agbádá aláwọ̀ ojú sánmọ̀ kan bo igi mẹ́ta. Agbádá náà ni ó ń wọ̀ ní ọjọ́ Àjíǹde nìkan. Eruku èédú ti wà ní ọrùn rẹ̀, ewé ata kan sì yọ orí jáde láti ibi tí ó yẹ kí orí ènìyàn wà.

Igi márùn-ún tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kò rí nǹkan bora. Wọ́n ti dúdú, wọ́n ti sọ orí kọ́.

"Márùn-ún," ni Christopher wí.

"Aṣọ ti tán," ni Theresa wí. "Èyí tó wà lára mi ló kù. Ṣé kí n bọ́ ọ ni, kí n gba ọ̀nà Rayfield lọ sílé báyẹn?"

Wọn kò tíì ká agbádá nílẹ̀ tí Pijó Olúgbóyèga fi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Agogo méje àti àbọ̀ ni; ẹni tó ní òun ń bọ̀ ní mẹ́sàn-án. Ó wọlé, ó wo fèrèsé, ó wo ìró, ó wo agbádá.

Ó ní, "Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Ṣé ata náà ń lọ síbi ayẹyẹ ni?"

Christopher kí i padà. Ó mú apẹ̀rẹ̀, ó já rodo pípọ́n níṣojú rẹ̀, igi kan tẹ̀lé ìkejì, láìyára. Apẹ̀rẹ̀ kún, ó sì kù lórí igi. Ìlérí ti pé. Rhoda sọ fún mi pé bí òun bá jẹ́ Christopher, òun ì bá gbé apẹ̀rẹ̀ náà lé Ọ̀gá lọ́wọ́, kí òun sì kí i pé ó dàbọ̀.

Ṣùgbọ́n Olúgbóyèga ti rí igi márùn-ún tó kú. Ó ní, "Kí ló pa ìwọ̀nyí?"

Rhoda tètè ní, "Kòkòrò ni."

"Kì í ṣe kòkòrò," ni Christopher wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣí ilé nínú òtútù. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ní àṣìgbọ́. Theresa ni ó bo ìyókù. Bí kì í bá ṣe òun ni, ogójì ni ì bá kú." Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí dari dé orí agbádá, bí ẹni ń ka ìwé sítóò.

Olúgbóyèga kò rẹ́rìn-ín níbi tí ó yẹ kí ó ti rẹ́rìn-ín. Ó ń ro nǹkan mìíràn. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó yé mi. Gbogbo ilé yìí ṣí sílẹ̀ látàná, bí ìta ni inú rẹ̀ rí. Ẹní koríko sì gba ata là."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Kí wá ni díńgí ń ṣe níbẹ̀? Ẹ lọ gbìn ín sí oko, kí ẹ ra zana."

Òtítọ́ tí Christopher sọ ti fẹ́ lé e kúrò nílé. Ogún ọdún ó lé tí ó ti ń kọ iye, kò sí iye kan nínú ìwé rẹ̀ tó lè dá ìbéèrè yẹn lóhùn.

Theresa tó ń gbọ́ Yorùbá wọn láìgbọ́ ọ bi Rhoda ní Hausa pé kí ni ọ̀gá wí. Rhoda sọ fún un. Theresa pòṣé. "Kai! Sọ fún un kí ó gbé mọ́tò rẹ̀. Mo fẹ́ fi nǹkan hàn án."

Ọ̀nà oko rẹ̀ kò tó máìlì kan. Ọgbà igi ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún yí i ká kí afẹ́fẹ́ má bàa rí ọ̀nà, omi kòtò kùsà sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Igi rodo méjìlá wà ní igun kan. Irúgbìn ilé díńgí kan náà ni, oṣù kẹjọ kan náà ni ó gbìn wọ́n. Ó ti ń fi zana bò wọ́n ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́. Ó ká zana náà kúrò. Gbogbo wọn yè. Gbogbo wọn tútù. Òdòdó wọn ti já sílẹ̀, èso tó wà lára wọn kò sì ju orí ìka ìkẹyìn ọmọdé lọ. Kò sí ẹyọ pupa kan.

Theresa sọ̀rọ̀, Rhoda sì ń túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní zana kì í bí ooru. Díńgí ni ó ń bí i lọ́sàn-án, zana ni ó ń pọ̀n ọ́n. Ó ní ta ni ẹ rí tó pọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò bí?"

Olúgbóyèga já ata tútù kan, ó gé e jẹ láti fi hàn pé òun ń yẹ̀ ẹ́ wò. Omi jáde lójú rẹ̀. Ó kọjú sí omi kòtò kùsà.

Nígbà tí ó rí ohùn, ó ní, "Ilé dúró. Ẹ̀yin àti Ìyá náà dúró. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, obìnrin yìí ni yóò máa sọ ìgbà tí a ó ṣí àti ìgbà tí a ó tì."

Christopher ní, "Alikali ńkọ́, Ọ̀gá?"

"Ẹ máa kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ara rẹ̀ bá sọ fún un ni kí ẹ tẹ̀ lé."

"Ara rẹ̀," ni Christopher wí.

"Ara rẹ̀, Bàbá."

Rhoda ní Christopher wo ilẹ̀ títí òun fi rò pé ibà ti padà. Ó wá ní, "Ó dára." Nígbà tí wọ́n dé ilé, ó bi Theresa, ní Hausa, pé ṣé kí àwọn ti fèrèsé òkè àbí kí ó ṣì wà ní ṣíṣí. Theresa na apá rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ díẹ̀. Ó ní kí wọ́n tì í.

Wọ́n gbé nínú yàrá méjèèjì títí di 1985. Rhoda fi ìwé Christopher hàn mí nígbà tí wọ́n ń di ẹrù. Láti oṣù kìíní 1979, ọ̀nà méjì ni ó ń kọ ọ́ lójú ìwé: iye tí Alikali wí ní apá kan, ohun tí Theresa wí ní apá kejì. Ní ọdún àkọ́kọ́, ìgbà mọ́kàndínlógún ni àwọn méjèèjì ta ko ara wọn. Mo kà á. Ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́tàdínlógún nínú wọn, Christopher fi pẹ́ẹ̀nì pupa kọ ọ́ pé, Theresa ló jàre. Ẹ̀gbẹ́ méjì tó kù ṣófo. Mo bi Rhoda pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ méjèèjì yẹn.

Ó ní, "Alikali ló jàre. Bàbá Péjú ní kò yẹ kí òun kọ ọ́."